Ẹnu Ọ̀mùtí àti Iṣẹ́ Apọntí

Ní ọdún 1952 ni ìwé Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí ó sọ ìtàn ọ̀mùtí kan tí ó wá adẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú. Nígbà tí ó di ọdún 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ọ́ di eré orí ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì fi èdè Yorùbá ṣe é tó bẹ́ẹ̀ tí tọmọdé tàgbà fi mọ Láńkẹ́ Ọ̀mùtí. Ẹ̀rín tí eré náà ń pa ènìyàn kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ fi iyè sí ohun tí ó wà ní ìdí ọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé ẹmu tán ní ìlú ní ọjọ́ tí adẹ́mu já láti orí ọ̀pẹ tí ó sì kú. Adẹ́mu mìíràn wà. Ọ̀mùtí wá wọn kiri, kò rí ẹyọ ẹnì kan tí ó lè dá a fún un bí ó ti fẹ́, ni ó bá kó oògùn rẹ̀, ó di ọ̀nà ìlú àwọn òkú. Ẹ yọ iwin àti ẹbọra kúrò nínú ìtàn náà, ohun tí yóò ṣẹ́kù ni ẹ̀rí tí amutí kan jẹ́ nípa oníṣẹ́ ọwọ́ kan: pé iṣẹ́ ẹni yìí tẹ́ òun lọ́rùn, pé ti àwọn yòókù kò tó nǹkan.

Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹmu kì í ní orúkọ lára akèrègbè; orúkọ ẹni tí ó dá a ni ó ń jẹ́. Bí omi igi náà bá ti ń kán sínú akèrègbè ni ìwúkàrà tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ àti lára igbá ti ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ní òwúrọ̀ yóò dùn, ní ọ̀sán yóò mú, ní ìrọ̀lẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kan, bí ó bá sì sùn mọ́jú ó di ẹmu àná, èyí tí ẹni tí ó mọ iyì ara rẹ̀ kì í gbé ka iwájú àlejò. Nítorí náà ni àgbà tí ó bá gbé ahá sẹ́nu fi lè sọ, láì bá adẹ́mu dé ìdí igi, ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, bóyá ti ọ̀pẹ ni tàbí ògùrọ̀, bóyá wọ́n bu omi là á, bóyá wọ́n fi ti àná lú ti òní. Adẹ́mu fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bù mu lójú gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn èyí ni ẹnu àwọn àgbà yóò wá dá ẹjọ́, adẹ́mu yóò sì wà ní ìjókòó láti gbọ́ ọ. Bí ó bá dára, wọn yóò yìn ín. Bí kò bá dára, wọn yóò sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ní bú u kọjá bí ó ti yẹ, nítorí wọ́n mọ̀ pé òun kan náà ni yóò gun ọ̀pẹ ní ọ̀la, igbà kì í sì í ṣe ohun tí kò lè já. Bákan náà ni ó rí fún àwọn ìyá tí wọ́n ń fi àgbàdo pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti àwọn tí wọ́n ń fi ọkà bàbà pọn ọtí: agboolé tí ọtí ti wá ni a fi ń dá a mọ̀.

Ojú ń rí ojú, ohun tí ó wà nínú igbá ni wọ́n sì ń dá lẹ́jọ́, kì í ṣe òkìkí. Ìgò ni ó ba àṣà yìí jẹ́.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1949 ni ìgò Star àkọ́kọ́ jáde láti ilé ìpọntí tí ó wà ní Ìgànmú ní Èkó. Ní ọdún 1962, Guinness kọ́ tirẹ̀ sí Ìkẹjà. Láti ìgbà náà ni ẹni tí ń mu ọtí kò ti rí ẹni tí ń pọn ọ́n mọ́. Ohun tí ó ń rí ni bébà aláràbarà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Ohun tí ó ń gbọ́ ni ìpolówó. Ẹ lọ sí ilé ọtí èyíkéyìí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ ó bá àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń jiyàn kíkankíkan. Ẹnì kan kò gbà ju Star lọ, èkejì ní Trophy ni òun ń mu, ẹ̀kẹta ní ohun tí kì í bá ṣe Guinness, omi lásán ni. Ẹ wá bi wọ́n léèrè ohun tí ọ̀kan fi sàn ju èkejì lọ. Ẹni tí ó bá gbìyànjú jù yóò ní tòun le. Àwọn yòókù yóò ní ohun tí àwọn ti ń mu láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Èyí kì í ṣe ẹ̀rí. Bí wọ́n ti ń ṣe ti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n ń ṣe é.

Àwọn ará Ìlú Ọba ti bá ara wọn nínú irú ipò yìí rí, ìyà rẹ̀ sì jẹ wọ́n dé ibi tí wọ́n fi figbe ta. Bíà àtijọ́ tiwọn a máa wà láàyè nínú àgbá. Ìwúkàrà a ṣì máa ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ nígbà tí ó bá dé ilé ọtí, ẹni tí ń ta á sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n tọ́jú, gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́mu ti ń ṣọ́ ẹmu. Láàrin ọdún 1960 sí 1970, àwọn ilé ìpọntí ńlá ra àwọn kéékèèké, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ́ bíà, wọ́n ń fi ooru pa ìwúkàrà inú rẹ̀, wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ tì í jáde láti inú àgbá onírin. Ọtí náà kì í tètè bàjẹ́. Adùn rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀ mọ́. Èyí tí orúkọ rẹ̀ burú jù lọ lẹ́nu àwọn amutí ni Red Barrel ti ilé ìpọntí Watney. Ní ọdún 1971, ọkùnrin mẹ́rin láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n lọ gba ìsinmi ní ilẹ̀ Ireland dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti gbèjà ọtí àtijọ́, ẹgbẹ́ náà sì ni gbogbo ayé mọ̀ sí CAMRA lónìí. Nígbà tí wọ́n tẹ ìwé atọ́nà wọn ní ọdún 1974, wọ́n pe àwọn ilé ìpọntí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì sọ èrò wọn nípa ìkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó kan Watney, wọ́n kọ ọ́ pé kí ènìyàn sá fún un bí a ti ń sá fún àjàkálẹ̀ àrùn. Ẹ̀rù ilé ẹjọ́ ba àwọn atẹ̀wé, ni wọ́n bá rọ ọ̀rọ̀ náà lójú: wọ́n ní kí ènìyàn yẹra fún un lọ́nà gbogbo. Ẹni tí ó bá lè sọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin gbólóhùn méjèèjì, kí ó sọ ọ́.

Ó hàn nínú èyí pé bí a kò bá rí apọntí sójú mọ́, àwọn amutí lè kó ẹnu wọn pọ̀ kí ohùn wọn lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó kún fún ẹ̀kọ́ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti Schlitz, ilé ìpọntí ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà.

Ìgbà kan wà tí kò sí ilé ìpọntí tí ó tà tó Schlitz ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1957 ni Budweiser gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀, Schlitz sì di èkejì. Àwọn ọ̀gá ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí èrè yóò ti ṣe pọ̀ sí i. Wọn kò ṣe ohun ńlá kan lẹ́ẹ̀kan náà tí gbogbo ayé yóò rí. Wọ́n dín ọjọ́ tí ọtí fi ń ṣiṣẹ́ nínú àgbá kù. Wọ́n mú omi adùn tí a fún láti ara àgbàdo, wọ́n fi rọ́pò díẹ̀ nínú ọkà báálì. Bí wọ́n bá ti ṣe ìyípadà kan, wọ́n a fi ọtí òní wé ọtí àná, bí ìyàtọ̀ kò bá sì hàn, wọ́n a tún tẹ̀ síwájú. Àwọn àgbà ní díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Kò sí ẹni tí ó gbé ọtí òní sí ẹ̀gbẹ́ ọtí ogún ọdún sẹ́yìn, ibẹ̀ ni àṣìṣe wọn sì wà.

Ní ọdún 1976, ìbẹ̀rù mú wọn pé ìjọba lè pàṣẹ pé kí a máa kọ gbogbo ohun tí a fi pọn ọtí sí ara ìgò. Wọ́n yára pààrọ̀ èròjà tí wọ́n fi ń mú kí ọtí mọ́ gaara, wọ́n mú òmíràn tí wọn yóò lè sẹ́ kúrò pátápátá kí ọtí tó wọ ìgò, kí ó má baà sí ohun tí wọn yóò kọ. Èròjà tuntun yìí bá èyí tí wọ́n fi ń mú kí ìfófòó dúró lórí ọtí jà nínú ìgò. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ohun funfun wẹ́wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó nínú bíà. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ẹmu kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù, nítorí gbogbo ènìyàn mọ ibi tí ó ti wá. Ti inú ìgò tí ó yẹ kí ó mọ́ bí omi orísun ni ó ń kọ ènìyàn lóminú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kọjá àfarapamọ́, Schlitz kó ìgò àti agolo mílíọ̀nù mẹ́wàá padà nílé. Ní ọdún 1977 wọ́n gbé ìpolówó kan jáde, nínú èyí tí àwọn abarapá ọkùnrin ti ń fajúro mọ́ ẹni tí ó bá ní kí wọ́n gbé Schlitz sílẹ̀ kí wọ́n mu òmíràn. Àwọn tí wọ́n wò ó ní ìdẹ́rùbani ni, kì í ṣe ìpolówó, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò. Ìgbà wo ni ẹlẹ́mu di ẹni tí ń fi kùmọ̀ halẹ̀ mọ́ àwọn oníbàárà? Ní ọdún 1981 wọ́n ti ilé ìpọntí Milwaukee pa, ní ọdún 1982 wọ́n ta gbogbo rẹ̀ fún Stroh, ará Detroit.

Ohun ìyanu ibẹ̀ tún kù. Ní ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ Pabst, tí orúkọ náà ti bọ́ sí lọ́wọ́ nígbà náà, fẹ́ pọn Schlitz bí ó ti rí láàrin ọdún 1960 sí 1970. Wọ́n wá ìlànà rẹ̀, wọn kò rí i. Ọ̀dọ̀ àwọn arúgbó tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ apọntí níbẹ̀ rí ni wọ́n gbà lọ, wọ́n ń bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rántí.

Ní àkókò tí Schlitz ń bàjẹ́ yìí ni àwọn ilé ìpọntí kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí ní Amẹ́ríkà. Fritz Maytag ti ra Anchor ní San Francisco ní ọdún 1965 nígbà tí ilé náà fẹ́ kú. Ní ọdún 1978, Ààrẹ Carter fọwọ́ sí òfin tí ó fún ará ilé láyè láti pọn bíà tirẹ̀. Àwọn amutí tí wọ́n ń tẹ̀ lé irú ilé ìpọntí wọ̀nyí yàtọ̀. Wọ́n mọ orúkọ apọntí. Wọ́n ń lọ jókòó sí ìdí àgbá rẹ̀, wọ́n ń bi í léèrè irú ọkà tí ó lò àti iye ọjọ́ tí ọtí fi ṣiṣẹ́, wọ́n ń kọ ohun tí ẹnu wọn sọ sílẹ̀, wọ́n sì ń fún ọtí ní máàkì bí olùkọ́ ti ń fún akẹ́kọ̀ọ́. Ojú tún bẹ̀rẹ̀ sí í rí ojú. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ tiwọn náà kì í fi gbogbo ìgbà gún, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Goose Island sì jẹ́rìí sí i.

John Hall ni ó dá Goose Island sílẹ̀ ní Chicago ní ọdún 1988, ọtí rẹ̀ sì lókìkí láàrin àwọn tí wọ́n mọ ọtí. Ní oṣù kẹta ọdún 2011, ó tà á fún Anheuser-Busch InBev, òmìrán tí ó ni Budweiser, ní iye tí ó tó mílíọ̀nù 38.8 dọ́là. Kò pẹ́ rárá tí àwọn kan fi ń sọ pé ọtí ibẹ̀ ti bàjẹ́. Ọtí wo? Èyí tí ó wà nínú ìgò ní ọjọ́ náà, apọntí àtijọ́ ni ó pọn ọ́n kí owó tó yí ọwọ́. Ẹni tí inú bá ń bí nítorí pé olówó ra iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti bínú, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti má ra ọtí náà mọ́ láéláé. Kí ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ó má ṣe purọ́ mọ́ ahọ́n rẹ̀. Agbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá ni àgbà òṣìkà, ti ẹni tí kò tilẹ̀ tọ́ ọ wò kí ó tó dá a tún burú ju ìyẹn lọ.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ilé ìpọntí yìí kan náà gbé ọtí dúdú rẹ̀ ti ọdún 2015 jáde, èyí tí wọ́n ń tọ́jú sínú àgbá onígi tí ọtí líle ti gbé rí. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tí wọ́n ra á ní ó ń kan, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ó kan. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì bá kòkòrò àìfojúrí nínú rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, Goose Island gbà pé òótọ́ ni, ó sì dá owó padà fún àwọn tí ó fẹ́ gbà á. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi ooru pa irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ kí ọtí náà tó jáde. Ilé ìpọntí kan ni, olówó kan náà ni ó ni ín. Ẹ̀rí ọdún 2011, ọkàn ni ó jẹ́ ẹ. Ti ọdún 2015, ahọ́n ni, apọntí sì dáhùn.

Àwọn ará Iléṣà ní ìdí láti mọ ìtàn yìí dáadáa, nítorí olówó kan náà ni ó ti ń ṣe olórí ilé ìpọntí wọn. Olóògbé Lawrence Ọmọ́lé ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1971, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí níbẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 1978. Ní ọdún 2012 ó bọ́ sí ọwọ́ SABMiller, ní ọdún 2016 ni AB InBev gbé SABMiller fúnra rẹ̀ mì. Ìjẹ̀ṣà tí ń mu Trophy kì í rò ó pé ọtí ẹlòmíràn ni òun ń mu, ìfẹ́ ìlú ẹni kò sì burú. Ṣùgbọ́n ta ni, nínú àwọn tí wọ́n ti ń mu ún láti ọdún 1978, tí ó lè jókòó kí ó sọ bí ó ti rí nígbà náà àti bí ó ti rí nísinsìnyí? Ó lè jẹ́ pé ó ti dára sí i. Ó lè jẹ́ pé kò yí padà. Ìfẹ́ ìlú ẹni kò lè sọ èyí tí ó jẹ́ òtítọ́ nínú méjèèjì.

Ìgbà kan wà tí ẹnu ọmọ Nàìjíríà dá ẹjọ́ tí ó gún. Ní ọdún 1988 ìjọba àpapọ̀ fi òfin de mímú báálì àti mọ́ọ̀tì rẹ̀ wọlé láti òkè òkun, ó sì di dandan fún àwọn ilé ìpọntí láti máa lo ọkà bàbà àti àgbàdo. Ẹni tí ó bá ń fi orúkọ dá ọtí mọ̀ yóò ní ohun tí kò bá ti ní báálì nínú kì í ṣe bíà; òfin àtijọ́ àwọn ará Bàfáríà ní Jámánì, ti ọdún 1516, kò tilẹ̀ gba ọkà mìíràn láyè. Àwọn amutí tọ́ ọ wò, wọ́n ń bá a lọ. Nígbà tí wọ́n mú òfin náà kúrò, ọkà bàbà kò kúrò nínú ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá wa ti ń fi ọkà bàbà pọn ọtí kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ báálì ní ilẹ̀ yìí, láìsí ẹni tí ó pe iṣẹ́ wọn ní ìmọ̀ ẹ̀rọ.

Ti Guinness ni ó ṣòro láti dá. Láti Dublin ni wọ́n ti ń kó àyọ́pọ̀ tí ó ní adùn rẹ̀ nínú wá, wọn a sì pò ó mọ́ bíà tí wọ́n fi ọkà ilẹ̀ wa pọn. Agbára ìgò tí Nàìjíríà tó 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó wúwo lẹ́nu, ó sì korò. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń gbé Lọ́ńdọ̀nù kì í fẹ́ ti Ireland tí ó wà nítòsí wọn. Ìgò tí ó ti Nàìjíríà wá ni wọ́n ń wá kiri ní ìsọ̀ àwọn ará ilé ní Peckham. Ṣé ahọ́n wọn ni ó yàn án ni, tàbí àárò ilé? Ìdánwò rẹ̀ kò gba ìwé púpọ̀. Kí wọ́n da méjèèjì sínú ife tí ó jọra, kí ẹni tí kò rí ìgò bù wọ́n fún un, kí ó mú tilé nínú wọn ní ẹ̀ẹ̀mẹta tẹ̀ léra. Bí ó bá yege, a ti rí ẹlẹ́rìí.

Ẹlẹ́rìí náà yóò sì nílò ọ̀rọ̀ tí yóò fi jẹ́ ẹ̀rí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwọn olùkọ́ èdè. Ẹnu àgbà adẹ́mu kún fún ọ̀rọ̀: ó mọ ìyàtọ̀ láàrin ohun tí ó mú àti ohun tí ó kan, láàrin ohun tí ó ta lẹ́nu àti ohun tí ó tẹ́. Ní ti kíkorò nìkan, Yorùbá mọ kíkorò ewúro tí a kò fọ̀, ó mọ kíkorò orógbó tí ń pẹ́ lẹ́nu, ó sì mọ ti obì tí omi tútù ń sọ di adùn lẹ́yìn rẹ̀. Kíkorò ni iṣẹ́ òdòdó họ́ọ̀pù nínú bíà. Síbẹ̀, ọ̀dọ́ tí ó bá mu ìgò méjì tí kíkorò wọn kò jọra kì í ní ju pé ó dára tàbí kò dára lọ láti sọ. Àwọn tí wọ́n ni ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń dàgbà, ọ̀pọ̀ ọmọ wọn kò sì gun ọ̀pẹ. Nígbà ìsinmi, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti tó ọtí í mu, àti èyí tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò tilẹ̀ gbà á láyè láti mu ún, lè mú ìwé àti kálàmù lọ bá adẹ́mu tàbí ìyá apọntí tí ó kù ní abúlé rẹ̀, kí ó kọ ohun tí wọ́n ń pe ìtọ́wò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, pẹ̀lú wákàtí tí wọ́n tọ́ ọ wò. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó fi bẹ̀rẹ̀ kò le: ní ọjọ́ tí kì í bá ṣe tirẹ̀, ẹmu ta ni adẹ́mu náà ń mu?